Inú Àwo Ọmọ Kọ́ Ni A Ti Ń Ṣọ́wó Ná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tí ó jẹun yó lè fara da aṣọ tí ó gbó àti òrùlé tí ó ń jò, ṣùgbọ́n ebi kì í gba ẹ̀bẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí owó bá wọ́n nínú ilé, owó oúnjẹ ni ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Onílé kò ní gba ìdajì owó ilé, ilé-ìwé kò ní gba ìdajì owó ìdánwò, ọlọ́kọ̀ kò sì ní gbé ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni a lè dín ohun inú rẹ̀ kù tí ẹnikẹ́ni kò ní wá sin wá ní gbèsè. Nítorí náà, kì í ṣe bóyá kí ìdílé dín owó oúnjẹ kù ni ìbéèrè. Ibi tí yóò ti dín in kù ni ìbéèrè.

Ìlú Ọ̀rẹ̀, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ ibi tí ó dára láti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Orúkọ ìlú náà kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Ní oṣù Ògún ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Bìní, wọ́n sì tẹ̀ síwájú dé Ọ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn padà. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wí pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀,” bí ọ̀rọ̀ kan bá gbóná kọjá àlà. Ìjà tí àwọn ìyá ilé ń jà ní Ọ̀rẹ̀ lónìí kò ní ìbọn nínú. Ọjà ni wọ́n ti ń jà á.

Òpópónà tí ó ti Ṣágámù lọ sí Bìní gba Ọ̀rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Oǹdó, èyí tí ó gba Òdígbó kọjá, àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé rẹ̀. Oko yí ìlú náà ká: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹ̀gẹ́, ọ̀pẹ àti kòkó. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé oúnjẹ kò lè wọ́n ní irú ibẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbé èrò wọ ìlú náà ni ó ń gbé ẹrù oko jáde. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Èkó, èyí tó fi jẹ́ pé ìyá tí ó dúró níwájú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ ń bá ará Èkó du ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni oko náà wà. Bẹ́ẹ̀ ni èrò ọkọ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í náà ọjà pẹ́. Iye tí òun bá san ni ẹni tí ń gbé ìlú yóò bá lẹ́nu ọlọ́jà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: kí ìyá ilé má ṣe ra oúnjẹ ilé rẹ̀ ní etí títì. Kí ó wọ inú ọjà lọ, tàbí kí ó ní sùúrù di ọjọ́ ọjà abúlé. Bí owó ọkọ̀ bá sì fẹ́ jẹ èrè náà tán, kí àwọn aládùúgbò dáwó jọ, kí ẹnì kan lọ bá gbogbo wọn rà á.

Kò sí ẹni tí ó lè dá ìyá ilé lẹ́bi bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Èbìbí, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ti dópin. Owó ọkọ̀ gbéra sókè, gbogbo ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé sì bá a gòkè. Nígbà tí yóò fi di oṣù Okúdù ọdún 2024, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù kan náà ní ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024, owó-oṣù tí ó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000 lábẹ́ òfin.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ₦70,000 yìí bí olùkọ́ ṣe ń ṣe é lójú pátákó. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 30, ₦2,333 ni yóò bọ́ sí ọjọ́ kan. Bí ẹni márùn-ún bá wà nínú ilé, ₦466 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Bí wọ́n bá jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, oúnjẹ kan kò ju ₦155 lọ. A kò tíì yọ owó ilé, owó ọkọ̀, ọṣẹ àti oògùn kúrò. Ìṣirò yìí fi hàn pé ẹni tí ó ń gba owó yìí kì í ṣe àpà. Kò sí ohun tí ó fẹ́ ṣòfò. Síbẹ̀, owó ń jò lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí kò fura sí.

Ibi tí owó ti ń jò jù lọ ni rírà ní díẹ̀díẹ̀. Nínú àpò ìrẹsì tí ó jẹ́ 50 kílò, kóńgò tí ó lé ní 30 ni a sábà máa ń rí wọ̀n. Kí á sọ pé àpò kan jẹ́ ₦80,000, tí ó sì wọ̀n kóńgò 32: kóńgò kan jẹ́ ₦2,500 nìyẹn. Ẹni tí ń tà á ní kóńgò gbọ́dọ̀ jèrè, ó lè pè é ní ₦2,800. Ẹni tí ń fi agolo mílíìkì tà á náà gbọ́dọ̀ jèrè. Bí agolo 10 bá kún kóńgò kan, tí agolo kan sì jẹ́ ₦320, kóńgò ti di ₦3,200. Ìdílé tí ń jẹ kóńgò 8 lóṣù yóò san ₦20,000 bí ó bá ra ìdá kan nínú mẹ́rin àpò, yóò san ₦22,400 bí ó bá rà á ní kóńgò, yóò sì san ₦25,600 bí ó bá rà á ní agolo. Ìrẹsì kan náà ni. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni ó san iye tí ó pọ̀ jù. Kì í ṣe pé ọlọ́jà burú. Àìlówó lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ń gba owó lórí aláìní.

Òtítọ́ ni pé ẹni tí kò ní ju ₦1,000 lọ́wọ́ kò lè ra àpò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, ìdí sì nìyẹn tí àwọn baba ńlá fi dá èsúsú sílẹ̀. Àṣà yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn Trinidad, lókè òkun, ṣì ń ṣe é títí di òní, tí wọ́n sì ń pè é ní susu. Bí ìdílé mẹ́rin bá ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ₦80,000 ti pé. Wọn yóò ra àpò kan, wọn yóò gbé e sí iwájú gbogbo wọn, wọn yóò fi kóńgò kan náà wọ̀n ọ́n, kóńgò mẹ́jọ mẹ́jọ. Oṣù àkọ́kọ́ ni ó le jù, nítorí pé ènìyàn yóò máa dáwó, yóò sì tún máa jẹun. Nítorí náà, ó sàn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò wọ́n púpọ̀, bí àpò gàrí, kí wọ́n tó kan ìrẹsì. Ó tún yẹ kí ọ̀kan nínú wọn máa kọ orúkọ àti iye sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe fún ìyá rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tí ó ṣì ń ra ti kóńgò náà ní ọgbọ́n tiwọn: kí wọ́n wo ìdí kóńgò bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọnú, kí wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè èènì. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èènì sí i fún àwọn ọmọ,” kò tíì ba ọjà kankan jẹ́ rí.

Ọgbọ́n kejì ni mímọ àsìkò. Epo pupa máa ń pọ̀ láàrin oṣù Èrèlé sí oṣù Èbìbí. Ẹni tí ó bá rọ kẹ́ẹ̀gì kan pamọ́ nígbà náà kò ní máa sáré kiri nígbà tí ó bá wọ́n. Ẹ̀wà tí ó ń ti Òkè Ọya wá máa ń pọ̀ lẹ́yìn ìkórè, ní ìparí ọdún. Ṣùgbọ́n kòkòrò ni ọ̀tá ẹ̀wà tí a tọ́jú, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò bí Sniper sí i. Oògùn náà ti ṣekú pa ènìyàn. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títà rẹ̀ nínú ìgò kéékèèké. Kò sí owó tí a lè rí tọ́jú tí ó tó owó ìsìnkú. Ọ̀nà tí kò léwu ni kí a sá ẹ̀wà náà gbẹ dáadáa, kí a rọ ọ́ kún inú ike tàbí kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ títí dé ẹnu, kí a sì dé e pinpin. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú fúnra rẹ̀.

Ọgbọ́n kẹta ni jíjẹ ohun tí ilẹ̀ ẹni ń mú jáde. Ní ọdún 1985, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrẹsì òkèèrè. Ní ọdún 1987, ó fòfin de àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì. Inú bí ọ̀pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ oko tún gba ipò rẹ̀ padà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ní agbègbè Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ tí kò jìnnà sí Ọ̀rẹ̀, ẹ̀gẹ́ nìkan ń di gàrí, fùfú àti púpurú, èyí tí wọ́n ń yá lórí èéfín kí ó lè pẹ́. Láti etí òkun Ìlàjẹ kan náà ni ẹja àti edé ti ń gba ọ̀nà Òkìtìpupa wọ Ọ̀rẹ̀. Bí a bá gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ata sínú àpò ìyẹ̀pẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, owó ẹ̀fọ́ ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbọdọ̀ dúró ni orí àwo ọmọ. Gàrí ń yóni, ṣùgbọ́n yíyó kọ́ ni ìlera. Nínú 100 gíráàmù gàrí, èròjà tí ń mú ara ọmọ dàgbà kò ju bíi gíráàmù 1 tàbí 2 lọ. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, ó tó bíi gíráàmù 23. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jamaica, Cicely Williams, kọ̀wé nípa àrùn kan tí ó rí lára àwọn ọmọdé ní Gold Coast, tí ó di Gánà lónìí. Ikùn àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà wú, irun wọn pọ́n, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ àgbàdo kò wọ́n wọn. Ní ọdún 1935, ó pe àrùn náà ní orúkọ tí àwọn Gã ń pè é: kwashiorkor. Nígbà tí ogun tí ó dé Ọ̀rẹ̀ fi pé ọdún kan, ní 1968, àwòrán àwọn ọmọ tí àrùn yìí mú ní Biafra ti kárí ayé. Ogun àti ìdènà oúnjẹ ni ó fa tiwọn. Ṣùgbọ́n àrùn náà kò nílò ogun kí ó tó wọ ilé. Ó tó kí ìyá má fura, kí ó yọ ẹ̀wà kúrò, kí ó yọ ẹja kúrò, kí gàrí nìkan ṣẹ́kù. Ọmọ yóò yó, kò ní sunkún, owó oúnjẹ yóò sì dín kù ní tòótọ́.

Àwo kan tún wà tí a kì í rí. Àwo ìyá fúnra rẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí oúnjẹ kò bá tó, ìyá yóò ní òun ti jẹun lọ́jà. Àwọn ọmọ gbà á gbọ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ gbà á gbọ́. Ìyá tí ó ń fi ebi ṣọ́wó ná kò dín ìnáwó kù. Ó kàn gbé gbèsè náà lé ara rẹ̀ lórí ni, ilé ìwòsàn ni yóò sì ti san án.

Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀. Ahun ni ẹni tí ó ní, tí kò jẹ́ kí a jẹ ẹ́. Àpà ni ẹni tí ń ná owó ní ìnákúnàá. Láàrin àwọn méjèèjì ni ẹni tí ń ṣọ́wó ná wà, ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣeé dín àti ohun tí kò ṣeé dín. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò tí wọn kò ní gbàgbé lè ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ilé wọn rà fún ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kóńgò, agolo àti ọ̀rá kéékèèké, kí wọ́n sì ṣírò iye tí ì bá jẹ́ bí wọ́n bá bá àwọn ẹlòmíràn pa owó pọ̀. Owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀, kí ó di ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin, kí ó sì kan àwo ìyá pẹ̀lú.