Idà Wúrà àti Ìdérí Ìgò

  

Ọ̀rọ̀ eré ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, eré tí wọ́n fi wúrà ṣe ẹ̀bùn rẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì ti pẹ́. Ẹ má ṣe sọ pé, kí ló kàn wá níbẹ̀. Irú rẹ̀ dé ilé wa ní Kétu nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì jẹ owó ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Amẹ́ríkà, kí n tó sọ tiwa.

Ẹ ti rí àwọn ọmọ tí ń fi ìka tẹ fóònù, tí àwòrán ń sá kiri lójú rẹ̀. Eré fídíò ni wọ́n ń ṣe. Kí irú fóònù bẹ́ẹ̀ tó dé, orí tẹlifísọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ tẹlifísọ̀n. Ẹni tó ń ṣeré á di ọ̀pá kúkúrú kan mú, á máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ó bá ti tì í, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán á máa rìn. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní ìlú Sunnyvale ní Califọ́níà, orúkọ rẹ̀ ni Atari. Ó rí owó púpọ̀ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Kútọnu ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Èmi náà lọ wá a kà.

Ní ọdún 1982, Atari gbé eré kan jáde tó pè ní Swordquest. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni wíwá idà. Wọ́n ní eré mẹ́rin ni yóò jẹ́: ti ilẹ̀, ti iná, ti omi, ti afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá borí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba ẹ̀bùn. Kì í ṣe ẹ̀bùn inú àwòrán o. Ẹ̀bùn tí ènìyàn lè fi ọwọ́ gbé lọ sílé ni.

Ẹ gbọ́ àwọn ẹ̀bùn náà. Èkíní ni ońdè wúrà, tí wọ́n to òkúta iyebíye sí lára. Èkejì ni ife wúrà. Ẹ̀kẹta ni adé wúrà. Ẹ̀kẹrin ni òkúta funfun kan tó níye lórí, nínú àpótí wúrà. Ilé-iṣẹ́ Franklin Mint ló ṣe wọ́n. Iye ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 25,000 dọ́là. Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́rin tó gba ẹ̀bùn wọ̀nyí yóò pàdé, wọn yóò bá ara wọn díje. Ẹni tó bá ta àwọn yòókù yọ yóò gba idà. Fàdákà ni irin idà náà, wúrà ni èèkù rẹ̀, dáyámọ́ńdì sì wà lára èèkù náà. Iye tirẹ̀ jẹ́ 50,000 dọ́là. Ẹ mú kálàmù yín, kí ẹ ṣírò iye gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá rí 150,000, ẹ ṣe é dáadáa.

Ibi tó wu èmi olùkọ́ jù nìyí. Bí ènìyàn mọ eré náà ṣe ju gbogbo ayé lọ, tí kò bá ka ìwé, kò lè fi ojú kan wúrà. Ìwé alàwòrán kan wà tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ eré náà. Ilé-iṣẹ́ DC Comics ló ṣe é. Ẹni tó ń ṣeré á máa wọ inú yàrá kan bọ́ sí òmíràn lórí tẹlifísọ̀n, á máa kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí ó bá gbé ẹrù tó yẹ sí yàrá tó yẹ, nọ́ńbà méjì á yọ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ojú ewé ìwé. Èkejì ni àwòrán tí yóò wò ní ojú ewé náà. Bí ó bá tẹjú mọ́ àwòrán náà, á rí ọ̀rọ̀ kan tó fara pamọ́ síbẹ̀.

Nínú eré ti ilẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni ènìyàn lè rí. Ṣùgbọ́n márùn-ún péré ló tọ̀nà. Ta ni yóò sọ èyí tó tọ̀nà fún un? Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú rẹ̀ tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà wọ́n kọjá. Àwọn ọ̀rọ̀ méjì náà ń tọ́ka sí irú nọ́ńbà kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọsàn ṣe é. Ẹ mú ọsàn 6. Ẹ lè pín in dọ́gba fún ènìyàn 2, tàbí fún ènìyàn 3. Ó dára. Ẹ wá mú ọsàn 7. Ẹ pín in fún ènìyàn 2, ọ̀kan á ṣẹ́kù. Ẹ pín in fún ènìyàn 3, ọ̀kan á tún ṣẹ́kù. Àfi kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀, tàbí kí ènìyàn 7 mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2, 3, 5, 11 àti 13 rí. Ọ̀rọ̀ tó wà ní ojú ewé tó ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nìkan ló tọ̀nà. Àwọn yòókù, ẹ̀tàn ni.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Atari. Ènìyàn 8 péré ló gbà á. Wọ́n kó àwọn 8 náà jọ ní Sunnyvale ní oṣù karùn-ún ọdún 1983, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Michigan sì gba ońdè wúrà. Nígbà tó kan eré ti iná, ènìyàn 73 ló rí ìdáhùn. Atari rí i pé wọ́n ti pọ̀ jù. Ó ní kí wọ́n kọ̀wé, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú eré náà àti ìwé rẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n kọ ni ó ti yan ènìyàn 50. Ní oṣù kìíní ọdún 1984, ọkùnrin kan láti Gúúsù Carolina gbé ife wúrà lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná.

Ní ọdún 2004, mo jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, tí n kò ní dárúkọ, lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ara ògiri ìsọ̀ ìyá wa. Àwòrán alùpùpù pupa wà lórí rẹ̀, ó ń dán. Lẹ́tà kan wà lábẹ́ ìdérí ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kó lẹ́tà 6 jọ, tó bá fi wọ́n to orúkọ tó wà lórí ìwé náà, alùpùpù di tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ nígbà náà. Kò lọ sí ilé ìwé, nítorí èmi ni owó kàn. Ó ti ń fi owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́ tí yóò fi gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ ìwé náà, ó pè mí.

Ó ní: “Wá ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi.”

Èdè Faransé ni. Mo ka àwọn lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tó wà lókè, mo túmọ̀ wọn fún un. Inú mi dùn pé mo mọ̀ ọ́n kà.

Ó ní: “Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?”

Mo ní: “Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìdérí ìgò. Kò sí ìgbéyàwó tí a kò dé. Kò sí òkú tí wọ́n ṣe ní àdúgbò wa tí a kò lọ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ àga níbẹ̀. Kó tó pé oṣù kan, a ti ní lẹ́tà 5. Ẹ̀kẹfà kò wá. Ẹ̀gbọ́n mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọtí náà, kì í ṣe ìgò kan ìgò méjì mọ́, odidi àpótí ni. A mu ọtí dídùn yìí títí inú fi ń run wá. Àwọn ọmọ àdúgbò rò pé a ti di olówó. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti ná 18,000 fáránkì nínú owó òmìnira rẹ̀.

Ẹ sì wò ó, kì í ṣe nínú gbogbo ìgò wọ̀nyẹn ni a ti rí lẹ́tà kẹfà. Ilẹ̀ ni mo ti ṣa á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán ìyá alákàrà kan. Iyanrìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Mo sáré délé, n kò lè sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu. Ẹ̀gbọ́n mi di ìdérí 6 náà sínú aṣọ tó rán fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tí a bá ní ọ́fíìsì kò bú wa. Ó fún wa ní àga. Ó yọ irú ìwé kan náà jáde, ó sì fi ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Ìlà kan wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ohun tó wí ni pé ìdíje náà yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ. Oṣù kẹsàn-án ni a wà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ọkùnrin náà. Èmi ni ó wò.

Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan títí ọkọ̀ fi dé Àjàṣẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti bi mí pé: “Ṣé ìlà yẹn wà lórí ìwé ti ìsọ̀ ìyá wa náà?” Mo ní: “Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n.” Ó ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ó bù ú sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba òmìnira ní ọdún náà. Òun gba tirẹ̀ ní ọdún kejì.

N kò tíì sọ bí ti Atari ṣe parí fún yín. Àwọn ará ibẹ̀ kò ṣe bíi tèmi. Àwọn tó rí ìdáhùn kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń tẹjú mọ́ ìwé, ilé ẹni tó ṣèlérí ti ń jó. Eré fídíò ti pọ̀ jù lọ́jà ní Amẹ́ríkà, ènìyàn kò sì rà á mọ́. Ní ọdún 1983 nìkan, Atari pàdánù ju 500 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ó kó ọ̀pọ̀ ọjà tí kò tà lọ sin sínú aṣálẹ̀ ní Alamogordo, ní New Mexico. Ní ọdún 2014, àwọn ènìyàn lọ hú díẹ̀ nínú wọn jáde.

Eré ti omi jáde ní ọdún 1984. Kò pọ̀, nítorí kò dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Adé wúrà ni ẹ̀bùn tirẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Warner tó ni Atari tà á fún Jack Tramiel, ìdíje náà sì dúró. Adé, òkúta funfun àti idà, kò sí ìgbà kankan tí wọ́n fi wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní gbangba. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí ibi tí idà náà wọlẹ̀ sí.

Ẹ má ṣe rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Kit Williams fi wúrà ṣe ehoro kan, ó rì í mọ́lẹ̀ ní ọdún 1979, ó sì kọ ìwé tí yóò tọ́ àwọn ènìyàn sí ibẹ̀. Ní ọdún 1982, ẹnì kan gbà á. Àṣírí tú lẹ́yìn náà pé kì í ṣe inú ìwé ni ó ti mọ ibẹ̀, màgòmágó ni. Ní ọdún 1984, ehoro kan náà tún di ẹ̀bùn eré fídíò. Wọ́n ta eré náà ní apá méjì, ẹni tó bá fẹ́ díje ní láti ra méjèèjì. Kò sí ẹni tó gba ehoro. Ilé-iṣẹ́ náà wó, wọ́n sì ta ehoro náà ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1988, ó lé ní 30,000 pọ́n-ùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àlọ́ ehoro, ẹ lè rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Eré kẹrin ti Atari, ti afẹ́fẹ́, kò jáde nígbà náà. Ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣe é jáde, inú àkójọ eré àtijọ́ ni wọ́n fi sí. Àwọn ọmọdé tó ń dúró dè é ti di àgbà tó ń wọ awò. Kò sí wúrà nídìí rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ báyìí. Ó fi ìṣó kan ìdérí kẹfà mọ́ ara tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bí ìwé kan bá dé, ìbáà ṣe ti owó iná, ìbáà ṣe ti ilé ìwé ọmọ rẹ̀, á ránṣẹ́ pè mí. Kí n tó jókòó, á ní: “Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.” Ní ọdún tó kọjá, ó wọ kíláàsì wa. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn ni ó máa ń jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwé owó iná dé, kò ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo ya ibẹ̀, mo bá a tó na ìwé náà sábẹ́ iná, ó fi ìka sí ìlà tó kéré jù, ó ń pe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.