Efínrín Tí Kò Ní Irúgbìn

Ọ̀rọ̀ ewé ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n àṣìsọ ẹnu tèmi ló fà á.

Ní Ẹ̀pẹ́ wa níbí, ẹni tó bá ra ẹja ní Ọjà Olúwo kò ní ṣàì wá efínrín tí yóò fi sè é. Ìbátan efínrín ni ewé tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní ràyháánù, orúkọ tó wà nínú Súrátù Ràhmánù fún ewé olóòórùn dídùn. Láti ilé kéwú ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé irú kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó l'Ékòó. Iṣan ewé rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ó ń rùn bíi káńfọ̀, oyin kì í sì í kúrò lára òdòdó rẹ̀. Ní 1983 ni Peter Borchard rí i nínú ọgbà rẹ̀ ní Athens, ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó dìídì ṣe é. Efínrín káńfọ̀ tó ṣẹ̀ wá láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ló bá efínrín pupa kan tí wọ́n ń pè ní Dark Opal pàdé, wọ́n sì bí èyí. Àmọ́ bí ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kì í ní irú-ọmọ. Òdòdó lọ́pọ̀lọpọ̀, irúgbìn kò sí.

Mo gbìn ín sẹ́bàá ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí wa, níbi tí mo ti ń ṣe ládàánì. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn àsàlátù, wọ́n ní kí n fún àwọn ní irúgbìn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní: “Àgàn ni. Òdòdó lásán ló ní.” Kí n tó pa ẹnu dé, mo rí ìyàwó mi láàárín wọn. Ọdún kẹtàdínlógún tí mo gbé e sílé nìyẹn, a kò tíì bímọ. Ọmọ tó gbé ewé náà wá gan-an, ẹ̀yìn ìyàwó mi ló ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó gbé bútà rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta, mo rí i tó ń gé ẹ̀ka efínrín náà ní ìwọ̀n ìka ọwọ́. Ó já àwọn ewé ìsàlẹ̀ dànù, ó ki wọ́n bọ inú ife omi, ó tò wọ́n sójú fèrèsé, níbi tí oòrùn kò ti le. Ó ń pààrọ̀ omi wọn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, gbòǹgbò funfun ti yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn wọ́n sínú agolo mílíìkì.

Níbi tí mo ti sọ̀sọkúsọ náà ni mo ti tọrọ àforíjì, lójú àwọn obìnrin yẹn kan náà. Kò dá mi lóhùn níbẹ̀. Ìgbà tí a délé ló ní: “Ládàánì, ẹ bá mi bu omi sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ti ìyá ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo ni, ó ń bọ̀ wá mú un lọ́la.”