Òṣùká Ẹ́ńjìn

Bí mo bá dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọjà Odò-Orí ní Ìwó níbí, gbogbo ara mọ́tò mi a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bí mo bá ki í sí gíà, "gbà!" lẹ ó gbọ́. Mẹkáníìkì mi ní gíàbọ́ọ̀sì ti kú, kí n wá owó òmíràn. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ nìkan ló sì wà lọ́wọ́ mi.

Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá àgbà kan tó ń tún mọ́tò ṣe. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀gá, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ ki í sí gíà, kí ẹ wá rọra tẹ iná díẹ̀."

Ẹ́ńjìn fò sókè bí ẹṣin tó fẹ́ já okùn. Bàbá rẹ́rìn-ín: "Síìtì ẹ́ńjìn ló já. Gíà ò ṣe nǹkan kan."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, òṣùká ni síìtì yìí: irin lókè, irin nísàlẹ̀, rọ́bà láàárín. Mọ́tò tí taya iwájú ń fà sábà máa ń ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Òun ló gbé ẹ́ńjìn àti gíà dúró. Rọ́bà rẹ̀ ló ń gba gbígbọ̀n mọ́ra kó má baà dé ara wa. Bí ẹ́ńjìn bá sì ń yí taya síhìn-ín, òun fúnra rẹ̀ á fẹ́ yí sọ́hùn-ún; síìtì ló ń dì í mú. Ooru, ọ́ìlì tó ń jò àti kòtò ojú ọ̀nà ló ń jẹ rọ́bà náà.

Síìtì méjì péré la pààrọ̀. Àwọn ọmọ wọlé ẹ̀kọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́: kí wọ́n tó sọ gíàbọ́ọ̀sì yín kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo òṣùká.