Ọ̀pá tí Mo Rà ní Àlàbá

Àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀kan bá kúrò nínú márùn-ún ni ènìyàn tó ń mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ eré ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré nìkan ni ó wà nínú rẹ̀.

Ìbà ni ilé wa wà, kò jìnnà sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983. Ìyá wa ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, èmi ni ó kàn láti dúró ti ẹ̀rọ náà. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ lọ wò, mo sì fi àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, sí ipò mi. Kí n tó padà dé, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ti gbá ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n kò sí àtàǹpàkò níbẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò bi mí léèrè ohunkóhun, èmi náà kò sì rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà ní Okokomáíkò tí àwọn ọmọdé ń péjọ sí. Páàdì ni wọ́n fi ń ṣeré níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti di páàdì mú rí mọ̀ pé àtàǹpàkò òsì ni a fi ń darí ẹni tí ń jà lójú tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò mi a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a máa wò wọ́n. Bí ó bá kàn án, a ní, “Ẹ fún ẹlòmíràn.” Ọ̀rọ̀ yìí a máa gún mi lọ́kàn.

Ní ọjọ́ kan mo kà nípa Street Fighter II, eré ìjà tí ilé-iṣẹ́ Capcom ti Japan gbé jáde ní ọdún 1991. Páàdì kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Inú àpótí ńlá ni ó wà. Ọwọ́ òsì a di ọ̀pá kékeré kan mú, ọwọ́ ọ̀tún a máa tẹ bọ́tìnnì mẹ́fà, mẹ́ta fún ẹ̀ṣẹ́, mẹ́ta fún ìtapá. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní joystick, wà fún kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ìka mẹ́rin tó láti fi dì í mú.

Mo kó owó tí mo fi pamọ́ fún ìwé, ó di Ọjà Àlàbá. Láàárín ẹrù tòkúnbọ̀ ni mo ti rí ọ̀kan. Nígbà tí mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò lọ sósì. Mo tú ìdí rẹ̀. Swíìṣì kékeré mẹ́rin ni ó yí ẹsẹ̀ ọ̀pá náà ká. Bí a bá tì í síhà kan, a tẹ ọ̀kan nínú wọn. Bí a bá tì í sí igun, a tẹ méjì pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti kú. Mo gbé e padà lọ sí Àlàbá. Bàbá kan tí ń tún máíkírówéèfù ṣe wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, irú èyí náà ni ó ń bẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn máíkírówéèfù.” Ó yọ ọ̀kan lára èyí tí ó ti bàjẹ́, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ wáyà fún mi.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo na àbúrò mi. Ní alẹ́ kẹta, ó nà mí. Láìwo ojú mi, ó ní, “Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ṣì ń ro ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni; mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó forí jì mí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí á tún ṣe ọ̀kan sí i.”

Ìka tí ó lọ ti lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ pé ẹnì kan kò lè ṣe nǹkan, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo irin-iṣẹ́ tí a fi lé e lọ́wọ́. Èmi tìkára mi, ohun tí ó yẹ kí n ti fi ẹnu sọ ni mo lọ fi owó rà. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ Okokomáíkò ni wọ́n ń wá bá a ní Ìbà, kì í sì í fún ẹlòmíràn mọ́ bí ó bá kàn án.