Gìtá Tí Ó Fọ́ àti Orúkọ Tí Ó Bàjẹ́

Bí mo bá gbọ́ tí oníṣòwò kan ń wí nípa oníbàárà rẹ̀ pé, “Ẹ jẹ́ kí ó máa pariwo, ta ni yóò gbọ́?”, Dave Carroll, akọrin ọmọ Kánádà, ni mo máa ń rántí. Ní 2008, àwọn aláàárù ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú United fọ́ gìtá rẹ̀ ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 1,200 ni ó fi tún un ṣe. Bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń ní kí ó lọ, kí ó bọ̀. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní àwọn kò ní san kọ́bọ̀. Ni ó bá fi wọ́n kọrin, ó sì gbé e sórí YouTube ní oṣù keje 2009. Àìmọye ènìyàn ni ó wò ó. Ìgbà náà ni United tó sáré, wọ́n fi dọ́là 3,000 ta ilé-ẹ̀kọ́ orin kan lọ́rẹ. Ẹ gbọ́ ná, 1,200 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣahun lé lórí o! Orin náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Lójú tèmi, gìtá kọ́ ni ó bà wọ́n lórúkọ jẹ́, nítorí ẹrù a máa fọ́ lọ́nà; lọ-kí-o-bọ̀ yẹn ni. Àwọn oníṣòwò tiwa mìíràn a sì máa pa ẹ̀sùn oníbàárà rẹ́ lójú ewé Facebook wọn. Onítọ̀hún a tún un kọ síbòmíràn, pẹ̀lú àwòrán.