Ọ̀rá Ẹ̀gbọ́n, Ìgbóná Àbúrò

Àwọn bàbá wa ló sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹranko inú ihò ni wọ́n fi kọ́ wa ní ẹ̀tọ́ òbí lórí ọmọ. Ẹranko inú ihò mìíràn wà tí ó lè kọ́ wa ní ẹ̀tọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lórí ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí ní ilẹ̀ wa. Mámọ́ọ̀tì ni orúkọ rẹ̀. Àwa tí a jẹ́ àkọ́bí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀ lára, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Ìsìláàmù.

Ìbátan ọ̀kẹ́rẹ́ ni mámọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ó tóbi ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, irun ara rẹ̀ sì kì. Oríṣiríṣi rẹ̀ wà ní Yúróòpù, ní Éṣíà àti ní Amẹ́ríkà ti Àríwá. Èyí tí a ń sọ yìí ni ti òkè Alps, àwọn òkè gíga tí ó wà ní Fáránsé, Swítsálándì, Ítálì, Jámánì àti Ọ́síríà. Lókè ibi tí igi kò ti lè hù mọ́ ni ó ń gbé, nínú pápá koríko. Bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn, àgbà àti kékeré, ní í jọ ń gbé inú ihò kan náà. Wọ́n lè tó 15. Bí wọ́n bá ń jẹ koríko, ojú wọn kì í kúrò ní sánmà. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ rí ẹyẹ idì tàbí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á han gooro bí ẹni ń súfèé, gbogbo ẹbí á sì sá wọ ihò.

Ìgbà ooru kì í pẹ́ níbẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀ yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun kí ọ̀rá kún ara wọn, nítorí wọn kì í tọ́jú oúnjẹ. Koríko gbígbẹ tí wọ́n ń kó wọlé, ibùsùn ni wọ́n fi ń ṣe. Bí ó bá di nǹkan bí oṣù kẹwàá, wọ́n á fi erùpẹ̀ àti òkúta dí ẹnu ihò láti inú, wọ́n á fara ti ara wọn, wọ́n á sì sùn fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ìgbóná ara wọn á wálẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọkàn tí ó ń lù ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan á wá máa lu bíi 5 péré. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí bẹ́ẹ̀, ara wọn á tún gbóná padà fún bí ọjọ́ kan kí wọ́n tó tún sùn. Ìgbóná yìí ni ó ń jẹ ọ̀rá wọn jù.

Níbí ni ẹ̀kọ́ wà. Walter Arnold, onímọ̀ nípa ẹranko, ṣe ìwádìí wọn ní Berchtesgaden ní Jámánì ní àwọn ọdún 1980. Ó rí i pé àwọn àgbà ni ara wọn kọ́kọ́ ń gbóná. Àwọn ọmọ tí a bí lọ́dún yẹn, tí ọ̀rá wọn kò tó nǹkan, á máa yá ooru lára àwọn àgbà. Ihò tí ẹ̀gbọ́n bá wà, àwọn àbúrò tí ń là á já níbẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n tí ó ṣe é á rù ju bí ì bá ti rù lọ. Ọ̀rá ẹ̀gbọ́n ni àbúrò fi la òtútù já.

Ta ni kò mọ irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀? Òun ni ó fi ìwé sílẹ̀, tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí àwọn tí ó tẹ̀lé e lè kàwé. Àwa náà ti san owó ìdánwò WAEC fún àbúrò kí a tó ra bàtà fún ara wa. Ní àsàlátù kan, ọ̀kan nínú wa béèrè pé, "Mo ti tọ́ mẹ́rin. Ìgbà wo ni tèmi yóò bẹ̀rẹ̀?" Kò sí ẹni tí ó tètè rí èsì fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo mámọ́ọ̀tì dáadáa. Ẹ̀gbọ́n kì í dúró títí láé. Bí ó bá ti pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jáde lọ wá ẹnìkejì rẹ̀ àti ilẹ̀ tirẹ̀. Èkejì, ẹni tí kò bá ní ọ̀rá lára kò lè mú ẹlòmíràn gbóná. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tí ó kọ́kọ́ wá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró kò hùwà ìmọtara-ẹni-nìkan. Ẹ̀sìn wa kò gbé ẹrù tí ó ju agbára lọ lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹ̀kẹta, èyí tí a mú gbóná lọ́dún yìí ni yóò máa mú ẹlòmíràn gbóná bí ó bá dàgbà. Ẹ̀yin àbúrò, ẹ má sọ pé ojúṣe ẹ̀gbọ́n ni. Bí ẹ bá ti rí iṣẹ́, ẹ gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Yìnyín tí ó bo ilẹ̀ ni aṣọ ìbora ihò wọn. Ní La Grande Sassière ní Fáránsé, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ wọn láti ọdún 1990, yìnyín ń fẹ́lẹ́ sí i, iye ọmọ tí ìyá ń bí lẹ́ẹ̀kan sì ń dín kù. Aṣọ tiwa náà ti fẹ́lẹ́: owó ilé ìwé ga, oúnjẹ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo kò tó mọ́. Kí àwọn bàbá, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá àti ẹgbẹ́ wa pàápàá fara tì í.

Ọlọ́run Allāh fi orúkọ oyin àti ti èèrà sọ súrà nínú Al-Kùráánì, kí a lè mọ̀ pé ẹ̀dá kékeré kì í ṣe ohun àfojúdi. Mámọ́ọ̀tì ń ṣe tirẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run dá a. Àwa, àníyàn ọkàn ni a fi ń ṣe tiwa, ìdí nìyẹn tí láádá fi wà níbẹ̀. Kí Ọlọ́run san ẹ̀san rere fún gbogbo ẹ̀gbọ́n tí ó rù nítorí àbúrò, kí Ó sì má jẹ́ kí àbúrò gbàgbé. Àmín.