Òṣèré Obìnrin Kan ní Ìlú Leningrad

Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni a fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa tọ̀ wá wá, ó bi wá léèrè bí ó bá tọ́ kí òun lọ kọ́ eré orí ìtàgé. A dá a lóhùn pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Kò sì tún bi wá mọ́. Lẹ́yìn èyí ni a ka ìtàn Alisa Freindlich, òṣèré ará Rọ́ṣíà, ojú sì tì wá gidigidi.

Ìlú Leningrad, tí a ń pè ní Saint Petersburg nísinsìnyí, ni a gbé bí i ní ọdún 1934. Òṣèré ni Bruno, baba rẹ̀. Ọmọ náà kò ì tí ì pé ọdún méje nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì dó ti ìlú náà ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1941, wọn kò sì kúrò pátápátá títí di oṣù Kìíní, ọdún 1944. Ebi pa ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kú. Nígbà tí ó burú jùlọ, gíráàmù 125 búrẹ́dì ni ìpín ọmọdé fún odindi ọjọ́ kan. Freindlich ti sọ pé ìyá àgbà òun ni ó kó wọn yọ: kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ìpín wọn tán lẹ́ẹ̀kan, bí kò ṣe pé kí ó máa fún wọn ní ègé kékeré bí àkókò rẹ̀ bá ti tó. Ọmọ náà a sì jókòó ti aago, a máa wò ó.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1957. Láti ọdún 1961 dé 1983, ilé eré Lensovet kan ṣoṣo ni ó ń sìn, kí ó tó lọ sí ilé eré Bolshoi Drama, lábẹ́ Georgi Tovstonogov. Ní ọdún 1977, sinimá Eldar Ryazanov kan sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ le, tí ìfẹ́ wá rọ̀ lọ́kàn, ni ó ṣe níbẹ̀. Ní ọdún 1979, ó ṣe Ayaba Anne nínú ìtàn D'Artagnan lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ní ọdún yẹn kan náà, ó ṣe aya tálákà nínú sinimá Andrei Tarkovsky. Ọdún kan, ẹnì kan: ayaba àti aláìní, a sì gba méjèèjì gbọ́.

A kò wí pé gbogbo eré ni ó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ru ìbànújẹ́ ẹlòmíràn bí ẹni pé tirẹ̀ ni, ní alaalẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀lẹ kọ́ ni. Àwa tí ń wàásù ìyọ́nú, ṣé a ń ru tó bẹ́ẹ̀?

A ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà. Iṣẹ́ aránṣọ ni a bá a lẹ́nu rẹ̀. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má ṣe ìyọnu, Bàbá. Mo ti gbàgbé.”

A kò gbà pé ó ti gbàgbé.